Kámà Kì í Ṣe Ẹjọ́ Tí A Dá fún Ẹni Tí Ìyà Ń Jẹ: Àríyànjiyàn Àwọn Ẹlẹ́sìn Búdà Lórí Àtúnwáyé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ará Ìlọrin, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbéra láti Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Bí ọkọ̀ ẹni tó rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ jẹ bá dojú dé lónìí, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ ó fi rí i lórí Facebook pé "kámà ti bá a". Àwọn tó ń kọ ọ́ gbà pé ẹ̀kọ́ Búdà nìyẹn: pé gbogbo ohun tó bá dé bá èèyàn, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, bí kò bá jẹ́ nínú ayé yìí, á jẹ́ nínú ayé tó ti wá tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Búdà, olùkọ́ tó dá ẹ̀sìn yìí sílẹ̀ ní Íńdíà àtijọ́, bá àwọn tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí jiyàn lójúkojú. Láti ìgbà ayé rẹ̀ títí di òní, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò sì tíì fẹnu kò lórí bí kámà ṣe ń ti inú ayé kan bọ́ sínú òmíràn. Ẹni tó bá wá ní "ẹ̀sìn Búdà sọ báyìí", ó yẹ kí á bi í pé: àwọn wo nínú wọn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí kámà jẹ́. Nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi Pálì, èdè Íńdíà àtijọ́ kan, kọ, tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Sri Lanka, Thailand àti Myanmar ń tẹ̀ lé, Búdà ní èrò ọkàn ni òun ń pè ní kámà. Ọkàn á kọ́kọ́ gbèrò, lẹ́yìn náà ni èèyàn á fi ara, ẹnu tàbí ọkàn ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ hádíìsì tó sọ pé àníyàn ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì létí yín. Iṣẹ́ burúkú mẹ́wàá ni wọ́n kà sílẹ̀. Mẹ́ta jẹ́ ti ara: ìpànìyàn àti pípa ohun ẹlẹ́mìí, olè jíjà, àgbèrè. Mẹ́rin jẹ́ ti ẹnu: irọ́, òfófó tó ń da àárín ọ̀rẹ́ rú, èébú, ìsọkúsọ. Mẹ́ta tó kù jẹ́ ti ọkàn: ojúkòkòrò, ìkórìíra, àti ìgbàgbọ́ òdì.

Wọ́n ní òṣùwọ̀n fún un pẹ̀lú. Kí wọ́n tó lè ka pípa ẹ̀mí sí èèyàn lọ́rùn, àwọn alálàyé ìwé Pálì ní ohun márùn-ún gbọ́dọ̀ pé: kí ohun náà ní ẹ̀mí, kí ẹni náà mọ̀ pé ó ní ẹ̀mí, kí ó gbèrò láti pa á, kí ó sapá láti pa á, kí ohun náà sì kú nítorí ìsapá yẹn. Awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́-Ìpo lóru, tí ewúrẹ́ já lu ọkọ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn, kò ní ẹ̀kejì, kò ní ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin náà kò sí. Ewúrẹ́ kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kámà pípa ẹ̀mí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá wá gbé májèlé kalẹ̀ de aládùúgbò rẹ̀, tí aládùúgbò náà kò jẹ ẹ́, ẹ̀karùn-ún nìkan ló dín níbẹ̀. Kò pànìyàn, àmọ́ kámà ìkórìíra inú ọkàn rẹ̀ ti pé pérépéré. Wọ́n tún wo bí iṣẹ́ ṣe wúwo sí: bí ìbínú tó wà nídìí rẹ̀ ṣe gbóná tó, bí akitiyan tó gbà ṣe pọ̀ tó, àti irú ẹni tí wọ́n ṣe é sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Wọ́n á rí ìyà, wọ́n á wá fà á padà síbi ẹ̀ṣẹ̀. Alárìnkiri ẹ̀sìn kan tó ń jẹ́ Sivaka gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá Búdà ní ìlú Rajagaha. Ó ní àwọn kan ń wí pé ohunkóhun tí èèyàn bá ń ní lára, ì báà jẹ́ ìrora tàbí ìgbádùn, iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn ló fà á. Kí ni Búdà rí sí i? Búdà ka ohun mẹ́jọ fún un tí ìrora lè ti ara wọn wá: òrónro, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ara, àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyípadà ojú ọjọ́, àìtọ́jú ara, ìkọlù láti ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀kẹjọ sì ni èso kámà. Ìṣègùn ayé ìgbà yẹn ni mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kó dí yín lọ́wọ́. Ohun tó yẹ ká dì mú ni pé kámà jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́jọ, àti pé Búdà ní àwọn tó ń sọ pé kámà ni gbogbo rẹ̀ ti sọ ju ohun tí àwọn fúnra wọn mọ̀ àti ohun tí gbogbo ayé gbà pé ó jẹ́ òtítọ́.

Ẹ fi èyí wo ilé wa. Ọmọ tí ibà dá dùbúlẹ̀ lásìkò òjò ní Ìlọrin, ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní àrùn foníkú-fọladìde, tí ẹnìkan wá lọ sọ létí rẹ̀ pé ọmọ náà ń san gbèsè ayé àtijọ́, ìwà ìkà ni wọ́n hù sí ìyá yẹn. Ẹni tó sọ ọ́ kò sì rí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn fi múlẹ̀ nínú ohun tí Búdà sọ fún Sivaka.

Mi ò ní fi apá kejì pa mọ́ fún yín o. Ìwé Pálì mìíràn wà tí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Subha ti bi Búdà pé kí ló dé tí àwọn kan fi ń kú ní kékeré, tí àwọn mìíràn ń dàgbà, tí ọ̀kan jẹ́ tálákà, tí èkejì jẹ́ olówó. Búdà dá a lóhùn pé ẹni tó ń pa ẹ̀mí, tí wọ́n bá tún bí i ní èèyàn, ẹ̀mí rẹ̀ kì í gùn. Ẹni tó ń ṣe ohun ẹlẹ́mìí léṣe á máa ṣàìsàn. Ahun á tòṣì. Agbéraga á bọ́ sílé mẹ̀kúnnù. Èyí ni àwọn tó ń fi kámà ṣàlàyé gbogbo ìyà gbára lé, ó sì hàn gbangba pé ó gbè wọ́n. Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń so ìwé méjèèjì pọ̀ ni pé ẹ̀kọ́ Subha ń sọ ibi tí iṣẹ́ lè kọrí sí, kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti wo tálákà lójú kí ó sì sọ ohun tó ti ṣe rí. Búdà tilẹ̀ ka ṣíṣe ìṣirò èso kámà mọ́ ohun mẹ́rin tí èèyàn kò gbọ́dọ̀ máa fi ọpọlọ lé kiri, pé wèrè ni yóò fi yí. Lójú tèmi, àlàyé yìí múná dóko, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i níwájú pé ó wà lára àwọn ọmọlẹ́yìn Búdà tí kò tẹ́ lọ́rùn.

Láàárín àwọn olùkọ́ tí wọ́n jọ wà láyé nígbà yẹn, Makkhali Gosala ń kọ́ni pé àyànmọ́ ti dé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, akitiyan èèyàn kò lè yí ohunkóhun padà. Àwọn Nigantha, tí wọ́n ń pè ní Jain lónìí, gbà pé ìyà ayé yìí jẹ́ gbèsè iṣẹ́ àtijọ́, wọ́n sì ń fìyà jẹ ara wọn kí gbèsè náà lè tán. Búdà bi wọ́n léèrè: ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ti wà rí? Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ ibi tí ẹ ṣe? Ṣé ẹ mọ iye ìyà tó ti tán àti iye tó kù? Wọn kò mọ ọ̀kankan. Ẹ rí i pé kádàrá kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí Búdà ń jà fún ni pé iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe lọ́wọ́ báyìí ní agbára.

Ó wá ku àtúnwáyé. Ìgbómìnà tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Babátúndé tàbí Yétúndé mọ ohun tó ń sọ: bàbá tàbí ìyá ti padà sínú ẹbí rẹ̀, ayọ̀ ńlá sì ni. Baba kan ṣoṣo sì lè padà wá lára ọmọ-ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, síbẹ̀ kó ṣì wà lọ́run, kí wọ́n ṣì máa pè é nídìí egúngún. Ti Búdà kò lọ báyìí. Kò sí ìdánilójú pé ẹbí ẹni lèèyàn ń padà sí. Wọ́n lè bí i sí ipò òrìṣà, ipò èèyàn, ipò ẹranko, ipò iwin tí ebi kì í kúrò lára rẹ̀, tàbí ọ̀run àpáàdì. Àwọn ìwé mìíràn fi àwọn alágbára oníjà tí wọ́n ń pè ní asura kún un, ó di mẹ́fà. Ohun tí wọ́n ń lé kì í ṣe pé kí wọ́n padà wá. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí ìpadàbọ̀ dópin, èyí tí wọ́n ń pè ní nirvana.

Ibi tó le jù nìyí: kò sí ẹni tó ń padà bọ̀. Búdà tú èèyàn palẹ̀ sí ohun márùn-ún: ara, ìmọ̀lára, ìdámọ̀ nǹkan, àwọn ìṣesí ọkàn, àti iyè tí a fi ń mọ nǹkan. Nínú márààrún, ó ní kò sí èyí tí a lè tọ́ka sí pé "èmi nìyí". Ọmọ apẹja kan tó ti di ajẹ́jẹ̀ẹ́-ẹ̀sìn, ìyẹn ẹni tó fi ilé àti ìgbéyàwó sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, Sati lorúkọ rẹ̀, ń sọ kiri pé iyè kan náà ló ń ti ayé bọ́ sí ayé, òun ló ń jẹ èso rere àti búburú. Búdà ránṣẹ́ pè é, ó sì bá a wí níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní òun kò fìgbà kan kọ́ni bẹ́ẹ̀. Iyè máa ń yọ nígbà tí ohun tó ń fà á bá pé ni, bí kò bá sí ohun tó fà á, kò lè yọ.

Ìbéèrè tó bá yọ sí yín lọ́kàn báyìí, ọba kan ti béèrè rẹ̀ rí. Milinda lorúkọ rẹ̀, àwọn Gíríìkì ń pè é ní Menander, ó jọba ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Jésù. Nínú ìwé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó bi ajẹ́jẹ̀ẹ́ Nagasena pé bí kò bá sí ẹni tó ń ré kọjá, ǹjẹ́ òṣìkà kò ti bọ́? Nagasena ní: ẹnìkan jí mángòrò onímángòrò, wọ́n mú un wá síwájú ọba. Olè náà ní, "Kábíyèsí, mángòrò tí ọkùnrin yìí gbìn yàtọ̀ sí èyí tí mo ká. Èyí tó gbìn ti jẹrà nínú ilẹ̀." Ṣé ẹ ó dá a sílẹ̀? Ọba ní rárá o, torí láti ara èyí tó gbìn ni èyí tó ká ti wá. Nagasena ní bẹ́ẹ̀ náà ni: ẹni tó kú àti ẹni tí wọ́n bí kì í ṣe ọ̀kan náà, wọn kì í sì í ṣe àjèjì síra wọn.

Ìdáhùn yìí dùn, àmọ́ kò parí ẹjọ́. Bí iṣẹ́ bá ti parí lánàá, tí kò sì sí ẹni tó gbé e dání, kí ló ń bá èso rẹ̀ wá ojúlé? Orí ìbéèrè yìí ni àwọn ẹgbẹ́ ti pínyà. Àwọn Sarvastivada dáhùn pé ohun tó ti kọjá kò parẹ́. Àná, òní àti ọ̀la wà bákan náà, nítorí náà iṣẹ́ àná wà níbẹ̀ tó ń so èso rẹ̀. Àwọn Sautrantika ní ìyẹn ti pọ̀ jù: iṣẹ́ máa ń gbin irúgbìn sínú ọkàn tó ń ṣàn lọ, irúgbìn náà ló ń hù. Ni àwọn kan bá tún béèrè pé nígbà tí ajẹ́jẹ̀ẹ́ bá wọ inú àṣàrò tó jinlẹ̀ débi pé ọkàn rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, níbo ni irúgbìn ń gbé? Láti dáhùn èyí ni àwọn Yogacara, tí Asanga àti Vasubandhu jẹ́ aṣáájú wọn, ṣe sọ pé iyè jẹ́ mẹ́jọ. Ẹ̀kẹjọ, tí wọ́n ń pè ní alaya, ni àká tí gbogbo irúgbìn wà. Àwọn Pudgalavada ní tiwọn sọ pé ẹnìkan wà, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ohun márùn-ún yẹn, kò sì yàtọ̀ sí wọn. Gbogbo ẹgbẹ́ yòókù pariwo lé wọn lórí pé ẹ̀mí tí Búdà lé jáde lójú títì ni wọ́n ń gbà wọlé lẹ́yìnkùlé. Síbẹ̀, nígbà tí Xuanzang, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ará Ṣáínà, rin Íńdíà já láàárín 629 sí 645, ó bá wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Ẹ̀rí nìyẹn pé ìdáhùn "kò sí ẹnìkankan" kò rọrùn fún gbogbo èèyàn láti gbé mì.

Ní ti àwọn Theravada, tí wọ́n ń lo ìwé Pálì, wọ́n ní èrò ìkẹyìn ẹni tó ń kú ló ń bí èrò àkọ́kọ́ nínú oyún, láìsí àlàfo kankan láàárín. Ìwé Kathavatthu, tí wọ́n so mọ́ ìgbà Ọba Asoka ti Íńdíà, jiyàn gidi pé kò sí ibùdó àárín ikú àti ìbí. Vasubandhu ní ó wà. Ó tilẹ̀ ṣàpèjúwe ẹni tó wà nínú ibùdó náà: ó tóbi tó ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, ìrísí ibi tó ń lọ ti wà lára rẹ̀, òórùn ló sì ń jẹ. Àwọn kan ní ọjọ́ 7 ló ń lò níbẹ̀, àwọn kan ní ó lè tó ọ̀sẹ̀ 7, ìyẹn ọjọ́ 49. Láti ibẹ̀ ni ètùtù ọjọ́ 49 ti bẹ̀rẹ̀ ní Tibet, Ṣáínà àti Jàpáànì, tí wọ́n ń ṣe àdúrà fún òkú ní ọjọ́ méje-méje. Ẹni tó bá ti lọ síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ àti ti ogójì ọjọ́ á tètè lóye ìdí tí ọkàn ẹbí fi ń fẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n gbà gbọ́ kò jọra. Ní Sri Lanka pàápàá, níbi tí ẹ̀kọ́ ti ní kò sí ibùdó àárín, àwọn ẹbí ṣì ń fún àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ lóúnjẹ ní ọjọ́ keje àti oṣù kẹta nítorí òkú.

Kámà wo ló ń kọ́kọ́ so nígbà ikú? Àwọn Theravada tò ó báyìí: èyí tó wúwo ló ṣáájú, bí i kí èèyàn pa ìyá tàbí bàbá rẹ̀, èyí tó wá sọ́kàn nígbà tí ikú kù sí dẹ̀dẹ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni èyí tó ti di ìwà, èyí tó kù ló kẹ́yìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rán ẹni tó ń kú lọ́wọ́ létí iṣẹ́ rere rẹ̀. Ìwé ìtàn Sri Lanka sọ pé wọ́n ka ìwé iṣẹ́ rere Ọba Dutthagamani sí i létí nígbà tó ń kú lọ. Ìwé kan náà ló sọ pé nígbà tí ọkàn ọba yìí ń dà á láàmú nítorí ogunlọ́gọ̀ tó kú lójú ogun, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ wá tù ú nínú pé èèyàn kan àtààbọ̀ péré ló pa, torí pé ẹnì kan nínú wọn ló ti gba ẹ̀sìn Búdà, tí ẹnì kejì sì ti gba òfin ìwà márùn-ún ẹ̀sìn náà. Àwọn yòókù kò yàtọ̀ sí ẹranko. Ọ̀rọ̀ yẹn burú jáì. Kò sí ibi tí ó ti bá òṣùwọ̀n ohun márùn-ún tí mo kà níṣàájú mu, ó sì fi hàn wá bí ìṣirò kámà ṣe lè di ohun ìjà lọ́wọ́ alágbára.

Ti Tibet kò ní gbà wá pẹ́. Níbẹ̀, olùkọ́ ńlá lè yàn láti padà wá, kí wọ́n sì wá a rí ní ọmọdé. Wọ́n bí Dalai Lama kẹrìnlá, aṣáájú ẹ̀sìn wọn, ní 1935, wọ́n sì dá a mọ̀ ní ọmọ ọdún méjì. Ní 2007, ìjọba Ṣáínà gbé òfin jáde pé kò sí olùkọ́ tó lè tún wáyé láìgba ìyọ̀ǹda ìjọba. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ti gba èyí lọ́wọ́ ẹ̀kọ́.

Nínú àwọn ti òde òní, ọ̀kan lára àwọn tó mi ilé ìjọsìn gidi ní Thailand ni ajẹ́jẹ̀ẹ́ Buddhadasa, tó gbé ayé láti 1906 sí 1993. Ìgbésẹ̀ méjìlá tó so kọ́ra ni Búdà là sílẹ̀ tí ìyà ń gbà yọ, látorí àìmọ̀kan títí dé ìbí, ogbó àti ikú. Buddhaghosa, ọmọwé ọ̀rúndún karùn-ún, ti pín méjìlá náà sórí ayé mẹ́ta: tàná, tòní, tọ̀la. Buddhadasa ní ìṣẹ́jú kan ti tó fún gbogbo rẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: ẹ wà ní Ọjà-Ọba, ẹnìkan bú yín. Ohùn dé etí, ara bù máṣù, ẹ fẹ́ kí ó gba ọ̀rọ̀ náà padà, ẹ dì í mú lọ́kàn, lójijì ni "èmi" yọ: "Èmi! Ó bú èmi!" Ìbí nìyẹn. Ìyà sì tẹ̀ lé e lọ́gán, ó bá yín dé ilé, kò jẹ́ kí ẹ sùn. Bí ìbínú náà bá rọlẹ̀, "èmi" yẹn kú, òmíràn ń bọ̀. Lọ́sàn-án kan ṣoṣo, ìbí lè pọ̀ ju ogún lọ. Buddhadasa ní ibí yìí ni ká ti máa ṣiṣẹ́, kí á yéé dààmú lórí ohun tó wà lẹ́yìn sàréè.

Ti Ambedkar le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ìran Mahar ni, ìran tí wọ́n kà sí ẹni tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní Íńdíà. Ó di agbẹjọ́rò, ó sì ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1956, ó gba ẹ̀sìn Búdà ní ìlú Nagpur pẹ̀lú ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú. Ó kọ̀ jálẹ̀ pé kámà ayé àtijọ́ ló sọ ẹnikẹ́ni di òtòṣì tàbí ẹrú. Lójú rẹ̀, irọ́ tí àwọn tó ń jẹ gàba hùmọ̀ ni, kí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ lè gbà pé òun ló jẹ̀bi. Òun ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ní àlàyé ìwé Subha kò tẹ́ àwọn kan lọ́rùn. Ẹni tí wọ́n ti fi kámà lù rí, kò lè fara mọ́ ọn pé kí wọ́n kàn rọra tún pàṣán náà mú. Ẹ̀hónú rẹ̀ tọ́, àmọ́ ẹni tí ó ń bá jà wà nínú ọ̀rọ̀ Sivaka pẹ̀lú, Búdà ti kọ́kọ́ bá a jà.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá jù ni pé: ṣé dandan ni kí ẹlẹ́sìn Búdà gba àtúnwáyé gbọ́? Stephen Batchelor, ọmọ ilẹ̀ Britain tó ti jẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ rí, ní kì í ṣe dandan. Èèyàn lè sọ pé òun kò mọ̀, kí ó sì máa ṣe àṣàrò àti ìwà rere lọ. Ọ̀rọ̀ tí Búdà bá àwọn Kalama sọ ní Kesaputta ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tọ́ka sí. Búdà ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ ní ìfọ̀kànbalẹ̀ mẹ́rin: bí ayé mìíràn bá wà, ibi rere ni yóò lọ, bí kò bá sí, ó ń gbé ayé yìí ní àlàáfíà, bí ibi bá ń bá oníṣẹ́ ibi, òun kò ṣe é, bí kò bá ń bá a, ara rẹ̀ mọ́ lọ́nà méjèèjì.

Bhikkhu Bodhi, ọmọ Amẹ́ríkà tó túmọ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé Pálì, takò wọ́n. Ó ní àwọn Kalama kò tíì di ọmọlẹ́yìn nígbà tí Búdà bá wọn sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ibi tí wọ́n dé ni ó ti pàdé wọn. Fún àwọn tó ti wọlé, Búdà ka "kò sí ayé mìíràn" mọ́ ìgbàgbọ́ òdì, ẹ̀kẹwàá nínú iṣẹ́ burúkú tí mo kà ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi ìwé Pálì ṣe adájọ́, Bodhi ló jàre: kò sí bí a ṣe lè yọ àtúnwáyé kúrò níbẹ̀ láìya ojú ìwé púpọ̀. Àmọ́ Batchelor kò ṣi ohun tí Búdà sọ fún àwọn Kalama kà. Ó kàn ń fẹ́ dúró síbẹ̀ ni. Búdà kò sì lé àwọn Kalama padà sílé pé kí wọ́n lọ gbà á gbọ́ ná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìwà rere.